Fíìmù Tí Kò Ba Ẹnikẹ́ni Lẹ́rù

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá máa fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

1.
Olúwadọ̀tun ń gbé ní Ìgàndó. Fóònù ló fi ń ya fíìmù. Ó ṣe fíìmù ẹ̀rù kan, ó pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Fíìmù kò tíì gbóná, iwin ti yọjú. Iwin ọ̀hún da nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bora, ó wọ sálúbàtà. Kó tó pa èèyàn, á kọ́kọ́ sọ ẹni tó fẹ́ pa. Kí ló wá kù tí èèyàn máa bẹ̀rù?

Ìyá Ebenezer, ará yàrá kejì, ní, "Dọ̀tun, ṣé kì í ṣe Mùtíù télọ̀ nìyẹn? Iwin wo ló ń ká nẹ́ẹ̀tì sókè kó má bàa kọsẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àwọn kan tiẹ̀ sùn lọ.

Ó dun Dọ̀tun. Ó yẹ kó bi wọ́n pé, "Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?" Ìgbéraga ò jẹ́. Ó ní àwọn òṣèré òun ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù, òun á lọ wá ojúlówó ẹ̀rù.

2.
Ó lọ bá Mùtíù ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kó da aṣọ funfun bora, kí wọ́n fi sóbò àti tòmátì kùn ún bí ẹ̀jẹ̀, kó gbé àpò ìrẹsì kọ́ èjìká. Fóònù kékeré á wà nínú àpò, ohùn ọmọ ọwọ́ á máa ké níbẹ̀. Kó máa rìn ní Baruwa, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Òun á fara pamọ́ sórí ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí, á máa ya ojú àwọn èèyàn.

Bàrákàt, ìyàwó Mùtíù, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bọ̀dá Dọ̀tun, ṣé ẹ ti sọ fún alága àwọn lánlọ́ọ̀dù ibẹ̀?"

"Mo ti sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò sí wàhálà."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Ìwọ náà! Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́?"

Ọkàn Bàrákàt ò gbà á. Ṣùgbọ́n Mùtíù ní, "Jẹ́ ká máa lọ jàre. Ọ̀rẹ́ mi ò lè purọ́ fún mi."

Ẹ ṣáà mọ àdúgbò wa. Ẹ ò ní gbẹ́ kànga, ẹ ò ní ṣe ìsọjí, kí ẹ má kọ́kọ́ rí alága. Òun lá sọ fún gbogbo ilé. Dọ̀tun ò rí ẹnì kankan. Ó rò pé tí wọ́n bá ti mọ̀, ẹ̀rù ò ní hàn lójú wọn.

3.
Ọ̀sán gangan ni. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ ló kọ́kọ́ rí Mùtíù. Ó rí ẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́ igbe nínú àpò.

"Gbọ́mọgbọ́mọ o! Ọmọ wà nínú àpò o!"

Kíá, èrò ti kún. Wọ́n gbá Mùtíù mú.

"Fíìmù ni! Fíìmù là ń ṣe!"

"Fíìmù? Kámẹ́rà dà?"

Wọn ò rí kámẹ́rà kankan.

"Ẹ pe alága! Dọ̀tun ti sọ fún wọn!"

Alága dé. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún mi."

"Ó tún ń parọ́ mọ́ alága!" Bí òkúta ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, igi, bẹ́líìtì.

Dọ̀tun wà lókè, ó ń yà á. Inú ẹ̀ tiẹ̀ ń dùn. Ìgbà tó rí ẹni tó ń yí táyà bọ̀ ló tó sáré sọ̀kalẹ̀, ó ń ké, ó gbé fóònù sókè. Alága ló kó sáàárín wọn, ó tú àpò. Fóònù kékeré jábọ́ sílẹ̀, ó ṣì ń ké bí ọmọ.

Mùtíù ò kú. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún ẹ̀ ti fọ́. Títí dòní, Bàrákàt ló ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

4.
Ní ọsibítù, Mùtíù bi Dọ̀tun, "Nígbà tí alága sọ̀rọ̀, o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀kalẹ̀?"

Dọ̀tun wolẹ̀. "Ẹ̀rù yẹn... ó ń hàn dáadáa lójú wọn."

Bàrákàt ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹ máa lọ, bọ̀dá. Ẹ má padà wá mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò kiri, ẹ má fi ẹ̀rù ọmọ aráyé ṣeré. Ẹ sọ fún alága, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí kámẹ́rà yín. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń pè wá ṣe é, ẹ má gba "mo ti sọ fún wọn" lẹ́nu ọ̀rẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ bèèrè. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín sì ń yá sí òkúta, ẹ kọ́kọ́ tú àpò ná.

Eré kí ni ajá ń bá ẹkùn ṣe?