Òrùlé Kan, Oòrùn Méjì

Ilé tí wọ́n ní kí oníná kọ́kọ́ gbé sólà lé lórí ni ilé tó le jù nínú ọgbà náà, kì í sì í ṣe torí pé ó ti gbó nìkan. Ó gbó lóòótọ́. Òrùlé rẹ̀ ga, ó dàgẹ̀rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ìwé tí a dojú rẹ̀ dé, pátákó ilẹ̀ rẹ̀ sì ń ké bí ènìyàn bá ti gbé ẹsẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ni ín gan-an ni wàhálà. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ló ni apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ni apá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń tẹ̀wé. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Àga tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n jà lé lórí, àga náà sì wà láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀ títí di òní, kò sí ẹni tó tíì fìdí kàn án.

"Kí inú àwọn méjèèjì dùn sí i fún oṣù kan gbáko," ni alága ọgbà sọ fún oníná. "Tí wọ́n bá lè pariwo lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan péré, kó irinṣẹ́ ẹ máa lọ. Ilé ìkẹ́rù, ilé ìwé, gbogbo ilé yòókù, ẹlòmíì ni màá gbé e fún."

Oníná ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa gbà lórúkọ ara rẹ̀ nìyí, ó sì wù ú gan-an.

Ó pe tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n dúró, àga wà láàárín wọn.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, sà. Bó ṣe rí rèé. Apá tiyín, mà, máa gba oòrùn dáadáa láàárọ̀, àmọ́ tó bá ti dọ̀sán, ó máa rẹ̀ ẹ́. Tiyín náà, sà, á máa tògbé láàárọ̀, ọ̀sán ló máa tó jí. Pátákó ilẹ̀ yìí ò sì lè gbé bátìrì. Tí a bá wá so méjèèjì pọ̀..."

"Ọmọ mi, bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn," ni ẹ̀gbọ́n já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, "pé fọ́nrán iná kan ò gbọdọ̀ tọ̀dọ̀ ẹ̀ wọ ọ̀dọ̀ mi."

Ọwọ́ tó fi ń nàka fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àbúrò rẹ̀ lára. Àbúrò náà kọjú sí oníná. "Ẹnjiníà, bá mi kí obìnrin yẹn. Sọ fún un pé kí n tó lo iná ẹ̀, màá jókòó lé ìwé títí á fi tẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Sọ fún un pé ìdí ẹ̀ wúwo tó láti ṣe é!"

"Sà, wọ́n ní..." ni oníná bẹ̀rẹ̀.

"Mo gbọ́!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn òṣìṣẹ́ oníná. Wọ́n sáré gun àkàbà lọ.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ igi àjà tó ti jẹrà, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n wá ń to sólà sí apá méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ, ẹ̀gbọ́n pe oníná wọlé pé òun fẹ́ wọn ara rẹ̀ fún aṣọ iṣẹ́. Ó tilẹ̀kùn. Oníná pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, àbúrò náà pè é pé kó wá yan àwọ̀ káàdì tí òun fẹ́ bá a tẹ̀. Òun náà tilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá," ni òṣìṣẹ́ kan bi í, "ṣé kálukú fẹ́ kí ẹ fi kún tòun ni?"

"Ẹ gbé sólà," ni oníná wí. Ó ń gé ètè jẹ.

Wọ́n tan iná. Inú ilé náà yí padà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ò sinmi.

"Ẹ bá mi wí fún wọn lọ́hùn-ún," ni ẹ̀gbọ́n ń ké lójú fèrèsé nírọ̀lẹ́, "pé oòrùn tèmi ò mọ̀gbà tílẹ̀ ń ṣú!"

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú.

Bílẹ̀ bá tún mọ́, á di tirẹ̀. "Àárọ̀ kùtù rèé! Ẹ wo bí tèmi ṣe ń sáré! Ta ló ní á máa tògbé?"

Ẹ̀gbọ́n á ki aṣọ bọ ẹnu, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wo ara wọn.

Nígbà tí oṣù pé, alága wá. Ẹ̀gbọ́n fà á lọ́wọ́ ọ̀tún pé apá tòun ló dáa. Àbúrò fà á lọ́wọ́ òsì pé irọ́ gbáà ni. Inú àwọn méjèèjì dùn débi pé alága gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń rín. Ó bọ oníná lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ilé yòókù di tirẹ̀. Oníná fò sókè, ó dì mọ́ òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ ọn jù.

Lẹ́nu ọ̀nà, alága rẹ ohùn sílẹ̀. "Apá méjèèjì ń níná láti àárọ̀ dalẹ́; ṣe lo so iná wọn pọ̀. Àṣé o tan àwọn àgbàlagbà yẹn jẹ!"

"Mi ò tàn wọ́n, sà. Mo ti búra ni, mi ò lè sọ̀rọ̀."

"Ta lo búra fún nínú wọn?"

"Àwọn méjèèjì, sà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń to sólà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti bẹ oníná pé kó bá òun yọ́ fa iná òun sọ́dọ̀ àbúrò òun láràárọ̀, kó má sì jẹ́ kó mọ̀ láéláé. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀, àbúrò ti di oníná lọ́wọ́ mú pé kó bá òun yọ́ fa iná ọ̀sán òun sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, nítorí ojú rẹ̀ kì í ríhò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́ bílẹ̀ bá ti ń ṣú.