Erèé Òkè Ààrò

Kí ọyẹ́ tó gbé ìyá ọkọ Fulera lọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ká erèé ẹ̀yìnkùlé wọn ní Òkè-Onígbìn. Ìyá Àgbà ṣa èyí tó yọmọ jù, ó dì í tèèpo-tèèpo, ó sì so ó rọ̀ sókè ààrò.

"Fulera, má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀ títí òjò á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀," ló wí. "Ẹni tó bá jẹ irúgbìn, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ yẹn."

Èkó ni wọ́n bí Fulera sí, sítóòfù ló mọ̀. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ tí Àfísù ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé ni wọ́n sá wálé. Àfísù wá lọ ń ru ẹrù ní gáréèjì Àjàṣẹ́-Ìpo, èyí tó ń fi ránṣẹ́ kò sì tó nǹkan. Erèé yẹn nìkan ni irúgbìn tí wọ́n ní.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, àmọ́ ebi kò kúrò. Fulera ta igi ìdáná tí Ìyá Àgbà tò sẹ́yìn ilé, ó fi ra gàrí. Wọ́n ń rẹ ẹ́ mu láàárọ̀, wọ́n ń rẹ ẹ́ mu lálẹ́. Nígbà tí máńgòrò pọ́n, máńgòrò ni. Ìkòkò dojú délẹ̀.

"Màámi, ẹ sè díẹ̀ níbẹ̀ fún wa," ni Wosilat ọmọ rẹ̀ wí, ó ń wòkè.

"Irúgbìn ni."

"Ẹ̀kúnwọ́ kan péré."

Fulera nà án. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ sunkún, nítorí ọwọ́ òun alára ti nà dé ibẹ̀ rí.

Bó bá ń gbálẹ̀, ó máa ń bá ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ lórí ààrò. Ó pè é ní eérú, ó ń gbá a dànù.

Òjò dé. Fulera ti kọ ebè sílẹ̀. Jàrátù, àgbàlagbà aládùúgbò wọn, wá bá a gbìn ín. Fulera sọ erèé kalẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ wò ó, Ìyá, ẹyọ kan ò dín."

Jàrátù gbé e wò lọ́wọ́, ó wo ààrò tó mọ́ tónítóní.

"Ìyá Wosilat," ó rọra bi í, "ìgbà wo lo ti dáná mọ níbí?"

Fulera ya èèpo kan, ó ya òmíràn, kòkòrò ló ń tú jáde, tòun ti ìyẹ̀fun funfun tó ti ń gbá dànù láti ìgbà tí èéfín kò ti gòkè ààrò mọ́.