Ọjọ́ tí Gbádébọ̀ Gba Ṣọ́bìrì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣakí lọ́dún tí ẹ̀ẹ̀rùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí ewéko ń jóná lórí ìdúró. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Gbádébọ̀. Òun ló ni ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì. Alágídí ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ní òun fẹ́ sinmi, ọ̀lẹ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Làmídì, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn yìí pọ̀ jù. Òòyì ń kọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká sinmi lábẹ́ igi. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, a ó parí iṣẹ́."

Gbádébọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Oòrùn lásán-làsàn! Gbé ṣọ́bìrì yẹn wá, kí n fi bí ọkùnrin ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn yín!"

Ó bọ́ bùbá, ó ń po sìmẹ́ǹtì mọ́ yanrìn bí ẹni tí a ń lé. Nígbà tó yá, òógùn gbẹ lára rẹ̀ pátápátá. Ó dúró, ó tẹjú mọ́ Làmídì, ó ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́! Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin gìrìwò náà ti ṣubú lulẹ̀ gbì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Làmídì fọwọ́ kàn án, ó sì yáa fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ara ọ̀gá gbóná bí ìkòkò orí iná!

Àwọn tó pè ní ọ̀lẹ ló gbé e sábẹ́ igi. Wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ẹ, títí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Kò kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Títí dòní, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbé ife kí omi má dànù.

Nígbà tó padà, ó kọ́ àtíbàbà. Ó ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdájí, kí wọ́n sì máa sinmi lọ́sàn-án. Àyà rẹ̀ ń já pé òwò yóò bàjẹ́. Àfi bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń pọ̀ sí i! Èyí tí wọ́n ń fi àárẹ̀ mọ tẹ́lẹ̀ máa ń sán. Ti ìsinsìnyí kì í sán.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Làmídì, ṣé bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rọrùn tó nìyí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ bá ní ó rẹ òun, ẹ gbà á gbọ́. Èèyàn kì í ṣe irin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.