Nọ́ọ̀bù Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Bàbá

Ẹ̀rọ géèmù kan fẹ́ẹ̀ tú ilé Modúpẹ́olúwa ká. Ayọ̀ọlá ọkọ rẹ̀ ló fi pákó kàn án fúnra rẹ̀, ó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ó de sípíkà méjì mọ́ ọn láyà, ó sì gbé e sí pálọ̀ wọn n'Ílíṣàn. Yàrá tó tẹ̀ lé pálọ̀ ni Bàbá Ṣóbọ̀wálé wà. Àwọn ni bàbá Modúpẹ́olúwa. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lẹ́sẹ̀, ni wọ́n bá ti Òde Rẹ́mọ wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ.

“Ọkọ ẹ ń yìnbọn lọ́sàn-án gangan,” ni Bàbá wí. “Tí ariwo yẹn ò bá dín kù, ilé mi ni mò ń lọ.”

Ta ni yóò máa gbé wọn lọ sílé ìwòsàn láti Òde Rẹ́mọ? Bàbá kì í tilẹ̀ í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pílásítà tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́ náà. Abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Modúpẹ́olúwa kọjú sí ọkọ rẹ̀: “Tí Bàbá bá jáde nílé yìí, kinní yìí náà ń jáde o!”

Ayọ̀ọlá ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Òun yóò ṣe nọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá, kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn dín ohùn kù. Ó fa wáyà gba ihò ògiri tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ó fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná jó o mọ́ nọ́ọ̀bù. Sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Ó tú u, ó tún un ṣe, ó ṣì ń kùn. Modúpẹ́olúwa bá tirẹ̀ lọ, ó lọ se ẹ̀wà. Nígbà tó fi padà dé, kíkùn ti dá. Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti de nọ́ọ̀bù mìíràn sábẹ́ pátákó ẹ̀rọ náà. Ó ní bóyá ọ̀kan lè bà jẹ́.

Ọ̀gá ilé ìwé ni Bàbá tẹ́lẹ̀. Wọn kì í ṣe nǹkan kí wọ́n má kọ́kọ́ kéde rẹ̀.

“Mo fẹ́ dín in kù o!” Wọ́n yí i, ìbọn pálọ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Mo fẹ́ gbé e sókè díẹ̀!” Ó gòkè. Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu àgbà!

“Ayọ̀ọlá, orí ẹ pé.”

“Ẹ ṣé, sà.”

Bí ọ̀rọ̀ Òde Rẹ́mọ ṣe parí nìyẹn. Lálaalẹ́ ni Ayọ̀ọlá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ta géèmù, ti òsì wà lábẹ́ pátákó.

“Ṣé ọwọ́ òsì ń yún ẹ ni?” ni ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í.

Àfi ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn gba ohùn lẹ́nu Bàbá. Wọ́n yí nọ́ọ̀bù títí, ariwo ò rọlẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ń wo wáyà náà láti orí dé ìdí, bí ẹni ń máàkì ìwé ìdánwò. Modúpẹ́olúwa sáré pe ọkọ rẹ̀.

Ayọ̀ọlá fẹ́ atẹ́gùn sí nọ́ọ̀bù náà lára. “Ó máa jí, sà. Ẹ kọ́kọ́ mu omi gbígbóná àti oyin.”

Nígbà tí ohùn Bàbá là, nọ́ọ̀bù náà jí lóòótọ́. Bàbá wá ń kéde débi pé àdúgbò ń gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí Sábáàtì tó wọlé, Modúpẹ́olúwa da aṣọ bo ẹ̀rọ géèmù. Bàbá wà ní balùwẹ̀, ló bá wọ yàrá wọn lọ gbálẹ̀, ó sì na ìgbálẹ̀ sábẹ́ ibùsùn.

Wáyà nọ́ọ̀bù náà bá ìgbálẹ̀ jáde, kò so mọ́ ohunkóhun, ibi tí wọ́n ti gé e sì rèé, pílásítà abẹ́ ìrọ̀rí Bàbá ni wọ́n fi dì í bí ẹni di ọgbẹ́.