Orúkọ Tí À Ń Pè É Nílé

Mo nà gbalaja sórí pèpéle, mò ń díbọ́n pé mo dákú sínú omi.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ tì mí, ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń mòòkùn, tí wọ́n wá sí àpérò láti gbogbo àgbáyé, bí a ṣe ń jí ẹni tó dákú.

"Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Ẹ pe orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé."

Ó fẹ́ ẹ sí mi lójú.

"Ẹja, mí! Jọ̀ọ́, mí!"

Mo lajú. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó mi kò dákẹ́. Omijé rẹ̀ ń kán sí mi lójú.

"Ẹja, dá mi lóhùn!"

Èmi kọ́ ni Ẹja.

Àkọ́bí wa ni. Ọjọ́ tó dá nìkan mòòkùn tí kò jáde mọ́, irú àpérò yìí la wà, à ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé èèyàn kì í dá nìkan mòòkùn.