Ọmọ Tí Kò Gbọdọ̀ Sunkún

Láti ọjọ́ tí ìjọba ti ti ẹnubodè pa ni ìrẹsì ti gbọ́n ju àwọn tó ń jẹ ẹ́ lọ. Ṣàíbù, ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè tó ń dúró lójú ọ̀nà Ìhúnbọ̀, ti bá a nínú táyà sípíà, ó ti bá a nínú pósí, ó sì ti bá a lábẹ́ aṣọ obìnrin kan tó ń ké pé òun ń rọbí. Ti obìnrin yìí ló dùn ún jù, nítorí ó ti ń bá a bẹ Ọlọ́run kí ìrẹsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣàíbù pàṣẹ pé aboyún kankan kò gbọdọ̀ kọjá, àfi bí aṣọ́bodè obìnrin bá yẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ́bodè obìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní, Ìpókíá ló ń gbé, ìgbà tó bá sì wù ú ló ń dé. Àwọn aboyún a máa jókòó dè é lábẹ́ igi máńgòrò.

"Bí oyún bá jẹ́ oyún lóòótọ́, á dúró," ni Ṣàíbù máa ń wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mọ́tò kan rọra ń bọ̀ láti ìhà Ìhúnbọ̀, ó ń yẹ gbogbo kòtò sílẹ̀ bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Nàfíù, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́, ló ń wà á. Dinah, nọ́ọ̀sì abúlé wọn, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn, Mọ́nsúrátù ìyàwó Nàfíù fara ti ilẹ̀kùn nínú híjáàbù ńlá tó bò ó dé orúnkún, ó sì fi eyín di etí aṣọ náà mú. Lábísí ìyá rẹ̀ fi ọjá so nǹkan kékeré kan mọ́ àyà. Fìlà olówùú pupa ló yọ lókè ọjá náà.

"Màmá, kí lẹ so mọ́yà yẹn?" ni Ṣàíbù bèèrè.

Dinah ló dáhùn. "Ọmọ oṣù méje la gbé, ọ̀gá, oṣù rẹ̀ ò pé. Ìlaròó là ń gbé e lọ."

"Ẹ tú ọjá yẹn, kí n rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má jẹ́ ká tú nǹkan kan nínú ọyẹ́ yìí. Ọmọ oṣù méje ò lọ́ràá lára. Bí òtútù bá mú un, tàbí tí wọ́n bá ń jì í, ẹ̀jẹ̀ á ru lọ sórí rẹ̀ lójijì. Iṣan inú ọpọlọ rẹ̀ ò sì nípọn ju òwú aláǹtakùn lọ. Á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ọpọlọ. Orí rẹ̀ gbọdọ̀ wà lọ́gangan, kó má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a kì í fẹ́ kó tiẹ̀ sunkún."

Ṣàíbù rẹ́rìn-ín. "Ìrẹsì náà kì í sunkún."

Lábísí gbójú sókè wò ó. "Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀nà nìkan là ń bẹ̀rù. Ó wà nínú ìdílé wa. Ọjọ́ tí wọ́n dábẹ́ fún ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrátù yìí, ẹ̀jẹ̀ ò dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Èyí tó tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ náà ló gbé e lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ṣàíbù. Ó yíjú sí Mọ́nsúrátù. "Kí ló wà lábẹ́ híjáàbù yẹn?"

"Ikùn ni," ni Dinah wí. "Àbí ọjọ́ tí ìyàwó tiyín bímọ ni ikùn rẹ̀ wọlé?"

Ṣàíbù mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́nsúrátù kérora, ó sì mí kanlẹ̀.

"Inú ló ń run ún," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Kí ló dé tí ẹ ò ti gbé e wá kó tó bímọ?"

Dinah yíjú sí i. "Ibi tí ẹ̀rọ wà ló yẹ ká bí ọmọ tó bá fẹ́ tètè dé sí. Èyí tí wọ́n bá bí sóko, tí wọ́n wá ń gbé kiri lórí kòtò, òun ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lórí jù. Ikùn ìyá rẹ̀ ni mọ́tò tó dára jù lọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ ní kí aboyún máa jókòó sábẹ́ máńgòrò, ọ̀gá."

Ṣàíbù wo abẹ́ igi náà. Obìnrin kan ti sùn lọ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. Ojú ti Ṣàíbù, ẹ̀rù sì bà á gidigidi nítorí ọmọ yìí.

"Ẹ máa tẹ̀ lé mi," ló wí.

Mọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣíwájú. Níbi gbogbo tí àwọn aṣọ́bodè ti dúró, ó ń yọ orí síta, ó ń fìka sí ẹnu kí wọ́n dákẹ́. Ó lé ọkọ̀ eléèédú sínú igbó, ó sì bá ọlọ́kadà kan jà nítorí fèrè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àgbàrá ti gé ọ̀nà, ó ní kí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ tẹ́ àpò ìrẹsì tí wọ́n gbà láàárọ̀ náà sínú kòtò, Nàfíù sì gba orí rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ilé ìwòsàn ní Ìlaròó, Lábísí tú ọjá. "Ọmọ mi, bá mi gbé e, kí n lè di Mọ́nsúrátù mú."

Ṣàíbù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò wúwo ju kóńgò kan lọ. Ó gbé orí rẹ̀ sí ọ̀gangan, ó ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Pẹ̀lẹ́, bàbá mi." Kò wẹ̀yìn wo àwọn yòókù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Nàfíù sì wá jókòó tì í, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn yàrá kejì.

"Kò tíì sunkún rí?" ni Ṣàíbù bi í.

"Kò tíì, sà."

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá gba ọmọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà móoru, atẹ́gùn ò wọlé, Ṣàíbù sì rò ó pé kò séwu mọ́ bí òun bá wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó rọra ká fìlà pupa náà sókè, ìrẹsì òkè òkun kóńgò kan gbáko wò ó lójú, ìgbà náà gan-an ni ọmọ tí Mọ́nsúrátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nínú yàrá kejì ké fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé.