Ẹni Tó Dáhùn Nínú Àpáta

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí èmi àti Fọlárànmí, ọkọ mi, dé abẹ́ òkè òkúta ẹfun kan ní Áústríà. Ó ní kí n gbọ́ bí àpáta ṣe ń dá ohùn padà, ó wá fi oríkì mi ké: "Àníkẹ́ o!"

Ohùn obìnrin ló dáhùn láti inú àpáta: "Mo ń bọ̀, olówó orí mi."

Òjòwú ni mí, mi ò purọ́. Mo jágbe: "Olówó orí ta ni? Aláìnítìjú!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó rín irú rẹ̀ sí mi kẹ́yìn. Mo di apá rẹ̀ mú.

Ó yọ ọwọ́ mi kúrò, ó kọjú sí àpáta: "Àníkẹ́, ta ni obìnrin yìí?"